Olùkọ́ Èdè Jámánì ní Coal Camp

Ọjọ́ tí Mọ́tọ́lá Ọláwuyì kọ́kọ́ rí Akínkúnlé, omi ló wà lójú obìnrin náà. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé alájà méjì kan lójú ọ̀nà Ogui ní Enugu, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní èdè Jámánì, ó fi ìwé bojú kí àwọn tó ń kọjá má baà rí i. Òjò ń rọ̀. Lókè, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù ń ka gbólóhùn kan náà lákàtúnkà, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Dennis, tíṣà wọn, ló ní kó dìde láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, ẹni tí kò bá lè ṣàlàyé òfin èdè lójú pátákó kò tíì mọ nǹkan kan nínú èdè náà. Ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́fà, ó ní kí Mọ́tọ́lá tò wọ́n di gbólóhùn kan. Mọ́tọ́lá wo àwọn ọ̀rọ̀ náà títí, àfi bí ẹni pé wọ́n ń rìn kiri lójú pátákó bí èèrà. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí ẹnì kan fi rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ó kó ìwé rẹ̀, ó jáde.

Bó ṣe rí láti kékeré nìyẹn. Bí wọ́n bá ti tò ó mọ́ orí bẹ́ǹṣì, tí ẹnì kan sì dúró níwájú pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, ọpọlọ rẹ̀ á ti ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì pàápàá, inú wọ́ọ̀dù ló ti mọ̀ ọ́n, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ṣe é, kì í ṣe nínú kíláàsì. Ó ti di ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n báyìí, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Enugu, iléeṣẹ́ kan tó ń wá nọ́ọ̀sì fún àwọn ará Jámánì sì ti gba orúkọ rẹ̀. Gbogbo ìwé rẹ̀ ló pé, àfi ìwé-ẹ̀rí èdè. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣe ìdánwò rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló kùnà. Iléeṣẹ́ náà ti sọ fún un pé bó bá kùnà lẹ́ẹ̀kẹta, wọn yóò fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀.

"Ọlọ́run mi," ló wí lábẹ́ ohùn, "kí ni mo tún fẹ́ ṣe báyìí?"

"Ẹ kọ́kọ́ nu ojú yín ná," ni ẹnì kan dá a lóhùn ní Yorùbá.

Ọkùnrin kan ló wà ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, tó tú ìdí ẹ̀rọ amúlétutù palẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún gírísì. Ó tó ẹni ogójì ọdún. Kò wo Mọ́tọ́lá lójú, bóyá kí ojú má baà tì í. Ó ní láti àárọ̀ lòun ti ń gbọ́ wọn látojú fèrèsé. Ó ní ohun tí tíṣà ń sọ tọ̀nà, ṣùgbọ́n òun gbé láàárín àwọn ará Jámánì fún ọdún méje, òun ò sì rántí ẹni tó to ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó sọ pé kí wọ́n gbé omi fún òun.

Mọ́tọ́lá bi í pé iléèwé wo ló ti kọ́ èdè náà. Ó ní òun kò lọ iléèwé kankan. Ibi tí wọ́n ń kó ẹran dídì sí nílùú Dortmund lòun ti ṣiṣẹ́, ẹni tí kò bá sì tètè gbọ́ ohun tí wọ́n ní kó gbé níbẹ̀, ẹran yóò wó lù ú.

"Ṣé ẹ gbọ́ Ígbò?" ló wá bi í.

"Mo gbọ́ ọ dáadáa. Asata níbí ni wọ́n bí mi sí."

"Ta ló kọ́ yín?"

Mọ́tọ́lá la ẹnu, kò rí orúkọ kankan dá. Àgbàlá ló kọ́ ọ. Ìdí ẹ̀rọ omi ló kọ́ ọ, àti àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń fo okùn, tí wọ́n á sì bú u bó bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni ọkùnrin náà wí, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kí Mọ́tọ́lá tó lọ, ó sọ fún un pé nọ́ọ̀sì lòun, pé Jámánì lòun ń lọ. Ọkùnrin náà ní Akínkúnlé lòun ń jẹ́, ó sì júwe ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Coal Camp.

*

Ọjọ́ Ajé ni Mọ́tọ́lá máa ń ráyè. Ọjọ́ Ajé náà sì ni ìlú máa ń pa rọ́rọ́ látàrí àṣẹ ẹ-jókòó-sílé, tí ṣọ́ọ̀bù á tì, tí ọ̀nà á dá. Á gba àárín àwọn ilé láti Asata, á fẹsẹ̀ rìn dé Coal Camp, á kan ilẹ̀kùn onírin tí Akínkúnlé tì láti inú.

Inú ṣọ́ọ̀bù náà kò tóbi. Fíríìjì àtijọ́ ló kún ibẹ̀, àwọn kan dùbúlẹ̀ bí òkú, àwọn kan dúró láìní ilẹ̀kùn. Akínkúnlé kò gbé ìwé jáde. Láti ìgbà tí Mọ́tọ́lá bá ti wọlé ni yóò ti máa bá a sọ èdè Jámánì, kò sì ní í túmọ̀ rẹ̀. Á na ọwọ́, á dárúkọ ohun tó fẹ́. Mọ́tọ́lá á gbé sípánà, Akínkúnlé á mi orí. Á gbé òòlù, ọkùnrin náà á tún mi orí. Bó bá gbé èyí tó yẹ, Akínkúnlé á gbà á, iṣẹ́ á tẹ̀síwájú.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, orí fọ́ Mọ́tọ́lá débi tó fi lérí pé òun kò ní padà wá mọ́. Lọ́sẹ̀ kẹrin, ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ síbi irin kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀ pé òun ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tó yá, Akínkúnlé tẹ́ páálí sílẹ̀, ó dùbúlẹ̀ lé e, ó ní òun di aláìsàn, kí nọ́ọ̀sì wá tọ́jú òun. Ó ṣe arúgbó tí kò gbọ́ràn. Ó ṣe obìnrin tó ń rọbí, Mọ́tọ́lá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ṣe ọkùnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé àìsàn rẹ̀ kò ní í lọ. Ìyẹn kò pa Mọ́tọ́lá lẹ́rìn-ín, nítorí ọkùnrin tó dùbúlẹ̀ sórí páálí náà yíjú sí ògiri, kò sì tètè dìde lẹ́yìn tí eré náà ti parí.

Mọ́tọ́lá kíyè sí i pé ìbànújẹ́ kan wà lára rẹ̀ tí kì í kúrò. Ó mọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Akínkúnlé ti sọ fún un pé àwọn ará Jámánì ló dá òun padà. Ìwé ẹlòmíràn ló fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àṣírí tú, wọ́n wá mú un láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n sì kọ̀wé pé kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wọn mọ́. Àwọn èèyàn rẹ̀ ní Ìkìrun ti ta ilẹ̀ kó tó lọ. Ojú tì í láti padà sọ́dọ̀ wọn lọ́wọ́ òfo. Ọmọ Coal Camp kan tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ òfurufú tó kó wọn bọ̀ ló ní kó wá ṣe iṣẹ́ lápá kan ṣọ́ọ̀bù òun. Ọdún méje rèé.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Ọ̀wàrà, Mọ́tọ́lá sọ fún un pé ohun kan wà tí Ọ̀gbẹ́ni Dennis fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ wọn, tí kò wọ òun lórí. Èdè náà ní ọ̀nà méjì láti pe ẹni tí èèyàn ń bá sọ̀rọ̀, *du* àti *Sie*. Gẹ̀ẹ́sì ni tíṣà fi ń ṣàlàyé rẹ̀, ó sì dà bí ìṣirò.

Akínkúnlé wò ó bí ẹni tí kò gbà á gbọ́. "*Sie* ni ẹ," ló wí. "*Du* ni o. Ó ti tán."

Mọ́tọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì náà, ohun tó ti ń ṣe láti inú oyún ni wọ́n ń kọ́ ọ.

"Ta lo máa pè ní *Sie*?" ni Akínkúnlé bi í.

"Dókítà. Aláìsàn. Àgbàlagbà. Ẹni tí mi ò mọ̀ rí."

"Ta lo máa pè ní *du*?"

"Ọmọdé. Ọ̀rẹ́ mi. Ẹbí mi."

"Èmi ńkọ́?"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, *ẹ* ni Mọ́tọ́lá ń pè é, Bọ̀dá Akin ló sì máa ń fi síwájú rẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó dúdú, ó wo irun funfun díẹ̀ tó wà lẹ́bàá etí rẹ̀.

"*Du*," ló wí.

Akínkúnlé kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó nu ọwọ́ sára àkísà fún ìgbà pípẹ́. "Mọ́tọ́lá, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ǹ bá má sọ ọ́, torí ibi tí ò ń lọ, èmi ò lè dé ibẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ń kọ́ ọ yìí, ńṣe ni mo ń fi ọwọ́ ara mi sìn ọ́ jáde nílé."

"Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ," ni Mọ́tọ́lá dáhùn, *o* ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é láti ọjọ́ náà. Ó ní bí wọ́n bá ti ṣègbéyàwó, òun yóò bẹ̀bẹ̀ fún un lọ́hùn-ún, pé òfin kì í wà láéláé. Akínkúnlé fà á mọ́ra. Ó bi í ní oríkì rẹ̀. Mọ́tọ́lá ní Àbẹ̀kẹ́ ni, pé láti ìgbà tí bàbá òun ti kú, kò sẹ́ni tó ń pè é mọ́.

"Àbẹ̀kẹ́ mi," ni Akínkúnlé wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń dán ọ̀rọ̀ titun wò.

*

Ìyá Mọ́tọ́lá kò fẹ́ ẹ.

Tíṣà ni ìyá náà tẹ́lẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ní ojú tó ń wo èèyàn títí onítọ̀hún á fi rántí ohun tó ṣe. Akínkúnlé wá kí i ní Asata ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ìyá ní kó dìde, ó gbé omi fún un, *ẹ* ló sì ń pè é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mọ́tọ́lá mọ̀ pé kì í ṣe ti ọ̀wọ̀. Bí ìyá òun ṣe ń ti ilẹ̀kùn nìyẹn.

Ó bi í nípa Ìkìrun, ó bi í nípa iṣẹ́, ó wá bi í nípa Jámánì. Akínkúnlé kò fi bí wọ́n ṣe dá a padà pa mọ́.

"Ọdún méje kì í ṣe ọjọ́ méje," ni ìyá wí. "Ṣé ẹ ò fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lọ́hùn-ún?"

"Rárá, mà."

"Ẹ ò ní ìyàwó, ẹ ò ní ọmọ?"

"Rárá, mà," ni Akínkúnlé tún wí, ó sì gbé ife omi náà mu.

Nígbà tó lọ tán, ìyá sọ fún Mọ́tọ́lá pé kò sí ohun tó burú lára ọkùnrin náà ní ojúkojú, ṣùgbọ́n òun kò tíì rí ẹni tó jókòó bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù lé lórí bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní òun kò ní jẹ́ kí ọmọ òun fẹ́ ẹni tí òkun yóò wà láàárín wọn láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Mọ́tọ́lá bínú. Ó ní bí kì í bá ṣe ọkùnrin yìí, òun ì bá ti pa ẹ̀kọ́ èdè náà tì. Ìyá ní òun mọ̀, òun sì ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n ìdúpẹ́ yàtọ̀ sí ìgbéyàwó. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyá àti ọmọ kò bá ara wọn sọ ju kí-lo-máa-jẹ lọ.

Nínú oṣù Èrèlé, Mọ́tọ́lá lọ ṣe ìdánwò náà ní Èkó. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ ẹnu, obìnrin aláwọ̀ funfun kan jókòó níwájú rẹ̀, ó ní kó sọ bí yóò ṣe gba aláìsàn tó ń bẹ̀rù. Mọ́tọ́lá kò rí pátákó, kò rí òfin. Ẹni tó dùbúlẹ̀ sórí páálí ló rí. Ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ ń jáde, ó sì gbọ́ ara rẹ̀ tó ń tu obìnrin náà nínú bí ẹni pé òótọ́ ni àìsàn rẹ̀.

Ó yege.

Ṣọ́ọ̀bù ló kọ́kọ́ gbà lọ nígbà tó dé, kó tó délé. Akínkúnlé gbé e sókè, ó sọ ọ́ sílẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ó sì sunkún. Mọ́tọ́lá rò pé ayọ̀ ni, àti ìrora pé òun ń lọ. Òun náà sunkún.

Iléeṣẹ́ náà fi ìlú mẹ́ta síwájú rẹ̀ kó mú ọ̀kan. Ìlú ńlá kan tí ilé ìwòsàn rẹ̀ tóbi jù ló wù ú. Akínkúnlé ní kó mú Dortmund. Ó ní òun mọ ibẹ̀, pé àwọn ará ibẹ̀ kì í gbéraga, ìran awakùsà èédú ni wọ́n bí àwọn tó tẹ Coal Camp dó, ara yóò tù ú. Lọ́jọ́ kejì ó tún sọ ọ́. Lọ́jọ́ kẹta ó tún bi í bóyá ó ti fọwọ́ sí i. Mọ́tọ́lá fọwọ́ sí Dortmund.

*

Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kó lọ nígbà tí Akínkúnlé gbé àpò ìwé kan lé e lọ́wọ́. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń wọlé láti ẹnu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́tà kan wà nínú rẹ̀, àti fọ́tò ọkùnrin kan tó gbé ọmọbìnrin kékeré lé èjìká nínú yìnyín. Akínkúnlé ni ọkùnrin náà.

Ó sọ̀rọ̀ láìgbé ojú sókè. Orúkọ ọmọ náà ni Olúwatìmílẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ ń jẹ́ Lilian, ọmọ Jámánì. Àwọn méjèèjì kò ṣègbéyàwó lábẹ́ òfin, torí pé ìwé ẹlòmíràn lòun fi ń gbé ibẹ̀, ìdí náà sì ni orúkọ òun kò ṣe sí lórí ìwé ìbí ọmọ. Lójú ìjọba, ọmọ náà kò ní bàbá. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni lọ́jọ́ tí wọ́n mú òun. Lilian gbé fóònù fún oṣù díẹ̀, lẹ́yìn náà ó pààrọ̀ nọ́ńbà, ó kó kúrò nílé. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀rẹ́ òun kan tó ṣì wà lọ́hùn-ún rí wọn ní àdúgbò kan ní Dortmund, ó sì fi orúkọ òpópónà náà ránṣẹ́.

Mọ́tọ́lá wo fọ́tò náà títí. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni ife omi ìyá rẹ̀.

"Láti ọjọ́ wo lẹ ti ń rò ó?" ló bi í. Ó gbọ́ *ẹ* náà lẹ́nu ara rẹ̀, Akínkúnlé náà gbọ́ ọ.

"Rírò kí ni?"

"Pé èmi ni ẹ máa rán."

Akínkúnlé lè purọ́. Mọ́tọ́lá ń retí kó purọ́, bóyá òun ì bá sì gbà á.

"Láti ọjọ́ tí o jókòó sórí àtẹ̀gùn. O ní nọ́ọ̀sì ni ọ́, o ní Jámánì lò ń lọ. Ọmọ mi ni mo rò kí n tó rò ọ́."

"Kí ẹ tó nífẹ̀ẹ́ mi."

"Kí n tó nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ìfẹ́ náà dé lẹ́yìn, Àbẹ̀kẹ́, ó sì bá mi níbi tí mi ò ti lè yíjú padà. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé ni mo ń pinnu pé màá sọ fún ọ. Bí mo bá sọ ọ́, mo mọ̀ pé o ò ní í gbà mí gbọ́ mọ́. Bí mi ò bá sì sọ ọ́, ta ni yóò lọ bẹ ọmọ mi wò?"

"Dortmund ńkọ́?"

Akínkúnlé yíjú sí ògiri.

Mọ́tọ́lá kó fọ́tò náà padà sínú àpò ìwé. Ó fẹ́ jù ú sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbà fún un. Ó gbé e dání jáde. Títí ó fi dé Asata, ó ń ronú padà sórí gbogbo ọ̀sán tí wọ́n jọ lò, ó ń yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, èyí tó jẹ́ tòun níbẹ̀ àti èyí tó jẹ́ ti ọmọ inú yìnyín, kò sì lè yà wọ́n.

Ìyá rẹ̀ bá a lórí bẹ́ẹ̀dì. Mọ́tọ́lá sọ gbogbo rẹ̀. Ó ń retí kí ìyá ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyá gba fọ́tò náà, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó wo ọmọ náà.

"Ó jọ bàbá rẹ̀," ló wí. Ó dá fọ́tò náà padà fún un. "Lẹ́tà yìí, gbé e dé ibẹ̀. Ọmọ kò ṣẹ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó lè jókòó lórí àga mi, tó wo ojú mi, tó sẹ́ ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀, mi ò lè fi ọ́ fún un. Bó bá sẹ́ ìyẹn, yóò sẹ́ ìwọ náà lọ́jọ́ kan."

"Màámi, mo ṣì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀."

"Mo mọ̀," ni ìyá wí. Ó jókòó tì í títí ó fi sùn.

Akínkúnlé pè é lórí fóònù lọ́pọ̀ ìgbà. Kò gbé e. Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kó lọ, ó wá dúró ní òdìkejì òpópónà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ṣe. Mọ́tọ́lá rí i láti ojú fèrèsé. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó fi wá kí ìyá rẹ̀. Ó dúró níbẹ̀ láti ìyálẹ̀ta títí oòrùn fi yí, kò kọjá sí ìhà kejì. Mọ́tọ́lá fọwọ́ lé kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó wo ìta lẹ́ẹ̀kẹta, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́ bí kò ṣe àwọn oníkẹ̀kẹ́.

*

Òtútù Dortmund mú un dé egungun. Ilé ìwòsàn dára, iṣẹ́ pọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń rẹ́rìn-ín pé bí àwọn agbẹ́rù ló ṣe ń sọ èdè àwọn, ṣùgbọ́n àwọn arúgbó inú wọ́ọ̀dù fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ní ohùn rẹ̀ dà bí ti ará ilé. Nígbàkigbà tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ á bàjẹ́.

Fún oṣù mẹ́rin, lẹ́tà náà wà ní ìsàlẹ̀ àpótí rẹ̀. Kò kà á. Ó ń bínú, ó sì ń fi lẹ́tà náà jẹ ẹni tó kọ ọ́ níyà. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé ọkùnrin kan wá sí wọ́ọ̀dù tó ń kú lọ, tó ń béèrè ọmọ rẹ̀ léraléra, tí ọmọ náà kò sì dé. Mọ́tọ́lá ló pa á lójú dé. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ó gbé lẹ́tà náà, ó wá òpópónà náà lọ.

Lilian ló ṣílẹ̀kùn, obìnrin tíńrín kan tí ojú rẹ̀ ti rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ orúkọ Akínkúnlé, ó fẹ́ ti ilẹ̀kùn padà, àmọ́ kò tì í. Ó jókòó nídìí tábìlì ilé ìdáná, ó ka lẹ́tà náà, ó tún un kà. Ó wá sọ fún Mọ́tọ́lá pé òun ti sọ fún ọmọ náà pé bàbá rẹ̀ ló fúnra rẹ̀ lọ. Ó ní ó rọrùn láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ kékeré ju láti sọ pé ọlọ́pàá ló wá mú un lórí oúnjẹ àárọ̀. Ọmọ náà wà nídìí ilẹ̀kùn, ó ga, ó dúdú díẹ̀, ó sì ti gbọ́ ohun gbogbo.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí Lilian tó ní kí ó padà wá. Ọjọ́ Àìkú ni. Mọ́tọ́lá tẹ nọ́ńbà Akínkúnlé lórí fóònù tirẹ̀, ó gbé e lé ọmọ náà lọ́wọ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ó sì jáde lọ dúró nínú yàrá kejì, lójú fèrèsé.

Láti ibẹ̀ ló ti gbọ́ ohùn Akínkúnlé nínú fóònù, ó gbọ́ ti ọmọ, ó tún gbọ́ ti bàbá. Èdè Jámánì ni wọ́n ń sọ, ó sì yára bí omi tó ń ya kọjá. Wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lẹ́nu. Ẹ̀rín bọ́ sí i, ẹkún bọ́ sí i, ọ̀rọ̀ kò dúró. Mọ́tọ́lá, tó ti ń bá dókítà àti aláìsàn sọ̀rọ̀ láti oṣù márùn-ún, tẹ́ etí sílẹ̀, ó sì mú ọ̀rọ̀ kan nínú márùn-ún. Kò gbọ́ kí Akínkúnlé sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ajé wọ̀nyẹn, ohùn mìíràn ló ń bá òun sọ̀rọ̀, ohùn tó rọra, tó ń dúró, tó ń wò bóyá òun ti dé.

Ó fọwọ́ di fèrèsé mú.

Nígbà tó yá, ọmọ náà wọlé wá, ojú rẹ̀ pupa, ó na fóònù sí i. Ó ní bàbá òun fẹ́ bá a sọ̀rọ̀.

"Mọ́tọ́lá," ni Akínkúnlé wí ní Yorùbá. "Mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́."

"Ẹ má dúpẹ́. Ìyá rẹ̀ gbà pé kẹ́ ẹ máa pè é ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ẹ má ṣe pa ọ̀kan jẹ."

"Mi ò ní pa á jẹ. Àwa méjèèjì ńkọ́?"

Mọ́tọ́lá ti mọ ìdáhùn náà láti ọjọ́ tó fọwọ́ lé kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ní Asata. Síbẹ̀, ó dun ẹnu rẹ̀ láti sọ.

"Mi ò lè padà síbi tá a wà. Mo gbìyànjú rẹ̀. Mo nífẹ̀ẹ́ yín, mi ò sì lè gbà yín gbọ́ mọ́, mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń fi méjèèjì gbélé."

"Mo gbọ́," ni Akínkúnlé wí. Kò bẹ̀ ẹ́.

Ó yẹ kí Mọ́tọ́lá pa fóònù náà, àmọ́ ohun kan ṣì wà lọ́kàn rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń sọ èdè náà lóòótọ́? Bó ṣe yára tó yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ ò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Kódà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Láti Coal Camp, ó gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe mí kanlẹ̀.

"Mi ò fẹ́ fi ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn," ló dáhùn.

Mọ́tọ́lá dá fóònù náà padà fún ọmọ náà, ó sì lọ jókòó ti Lilian nídìí tábìlì, títí bàbá àti ọmọ fi parí ọ̀rọ̀ wọn.